Koríko Tí Wọn Kò Gé: Kámẹ́rà, Oyin àti Labalábá ní Ẹ̀yìnkùlé

   Ọ̀rọ̀ koríko ló délẹ̀ lónìí.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí koríko bá ga ní ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan, ó ti di ọ̀rọ̀ àdúgbò nìyẹn. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni onílé, wọ́n á ní ejò ló fẹ́ kó bá ará ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester àti Leeds ló gbé èrò yìí dání débẹ̀. Bí ìgbà ooru bá ti wọlé, tí Sátidé pé, ẹ̀rọ agékoríko á ti máa ké ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìyẹn ló fi máa ń yà wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá yọjú wo ilé òyìnbó aládùúgbò wọn nínú oṣù kẹfà, tí wọ́n rí koríko tó ga dé orúnkún, tí òdòdó pupa, funfun àti aláwọ̀ aró kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí baba onílé fúnra rẹ̀ sì dojú bolẹ̀ gbalaja láàárín rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú, kò mira.

Baba náà kò sínwín. Oyin ló ń yà ní fọ́tò.

Ti ejò ńkọ́? Ejò olóró kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Bìrìtéènì, adder lorúkọ rẹ̀, kì í sì í sábà wá sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìgboro. Ohun tí baba yìí ń ṣe ti di iṣẹ́ ìgbafẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n á ya apá kan ẹ̀yìnkùlé sọ́tọ̀ fún òdòdó igbó, wọ́n á dúró de àwọn kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri, wọ́n á sì máa ya wọ́n láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Kí ogun àgbáyé kejì tó dé, pápá òdòdó kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá kiri ní Bìrìtéènì. Àwọn àgbẹ̀ ló ni ín. Wọ́n á jẹ́ kí koríko àti òdòdó jọ dàgbà títí di oṣù keje, wọ́n á wá gé e, wọ́n á sá a gbẹ, kí màlúù àti ẹṣin lè rí i jẹ nígbà òtútù. Ogun dé, ìjọba ní kí wọ́n túlẹ̀, kí wọ́n fi gbin oúnjẹ. Lẹ́yìn ogun, ajílẹ̀ òyìnbó gbòde, koríko ń yára ta, ó sì bo òdòdó mọ́lẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1930 sí 1984, nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún irú pápá bẹ́ẹ̀ ló pòórá ní England àti Wales. Bí òdòdó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń jẹun nídìí rẹ̀ ń dínkù.

Obìnrin kan wà tó tètè rí ewu náà. Miriam Rothschild lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìdílé olówó báńkì tó lókìkí ni, onímọ̀ nípa eégbọn sì ni pẹ̀lú. Ní Ashton Wold ní àgbègbè Northamptonshire, ó fi ewéko sílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ilé ńlá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kó irúgbìn òdòdó igbó jọ, ó pò wọ́n pọ̀, ó sì sọ àpòpọ̀ náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí àlá burúkú àgbẹ̀, nítorí gbogbo èpò tí àgbẹ̀ ń bá jà ló wà nínú rẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ Plantlife tó ń dáàbò bo ewéko ń rọ ará ìlú láti ọdún 2019 pé kí wọ́n má gé koríko wọn rárá nínú oṣù karùn-ún. Àwọn tó lọ wo eré Olympic ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012 pàápàá kò ní gbàgbé pápá òdòdó tí Nigel Dunnett àti James Hitchmough láti Yunifásítì Sheffield ṣe ètò rẹ̀ sí àyíká pápá ìṣeré náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ènìyàn kàn pa ẹ̀rọ agékoríko tì, kó máa retí òdòdó. Ilẹ̀ tó lọ́ràá jù, koríko ni yóò fún un. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: ewéko kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní yellow rattle, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, hóró rẹ̀ a sì máa mì ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ nínú èèpo bó bá gbẹ. Afòmọ́ ni. Gbòǹgbò rẹ̀ á wọlé sínú gbòǹgbò koríko, á máa fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Koríko á rù, àyè á ṣí sílẹ̀, òdòdó mìíràn á rọ́nà yọ. Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni wọ́n máa ń gbìn ín, nítorí bí òtútù kò bá pa hóró náà dáadáa, kò ní hù. Nígbà tó bá di ìparí oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, wọ́n á gé gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì kó ohun tí wọ́n gé kúrò pátápátá, kó má baà jẹrà sílẹ̀ di ajílẹ̀.

Kí ni ènìyàn lè rí ní ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo? Jennifer Owen dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Onímọ̀ nípa ẹranko ni, ìlú Leicester ló ń gbé, ọgbà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti aládùúgbò: ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ewébẹ̀ níhìn-ín, òdòdó lọ́hùn-ún. Láti ọdún 1972 títí di 2001, ó ń ka ohun gbogbo tó bá wọ inú ọgbà náà. Nígbà tó fi máa parí, irú ohun ẹlẹ́mìí tó ti kọ sílẹ̀ jẹ́ 2,673. Ewéko 474 ló wà nínú rẹ̀, kòkòrò nìkan sì jẹ́ 1,997. Àwọn agbọ́n tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí ní Bìrìtéènì. Kò rin ìrìn àjò kankan kó tó rí wọn.

Martin Dohrn ti rìn ní tirẹ̀. Ayafíìmù ẹranko ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gbé e káàkiri ayé. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, òun náà há sí ilé rẹ̀ ní ìlú Bristol. Ó bá kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ to oríṣiríṣi lẹ́ńsì tó lè ya ohun tí kò tó hóró ìrẹsì, ó jókòó ti òdòdó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Irú oyin tó lé ní 60 ló rí nínú ọgbà kékeré yẹn. Fíìmù tó ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 2021 ni My Garden of a Thousand Bees.

Ẹni tó mọ oyin kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń sìn fún afárá, lè má gbà pé oríṣi 60 ṣeé ṣe. Nǹkan bí oríṣi oyin 270 ló wà ní Bìrìtéènì, ọ̀kan péré nínú wọn ló ń ṣe oyin tí à ń lá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù kì í gbé agbo. Oníkálukú ló ń kọ́ ilé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Oyin agéwé á bà lé etí ewé róòsì. Á fi ẹsẹ̀ gán ewé náà mú, á la ẹnu, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lọ roboto. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Kí ègé ewé tó já ló ti ń lu ìyẹ́ rẹ̀, kó má baà jábọ́ pẹ̀lú ẹrù. Yóò ká ègé náà sábẹ́ ikùn, yóò gbé e fò lọ sínú ihò igi tàbí ihò ògiri, ibẹ̀ ni yóò ti fi ewé ṣe yàrá fún ẹyin kọ̀ọ̀kan. Bó bá padà dé lórí òdòdó, kámẹ́rà yóò fi hàn pé abẹ́ ikùn rẹ̀ ló ń kó lẹ́búlẹ́bú sí, kì í ṣe ẹsẹ̀. Abẹ́ ikùn náà á pọ́n rokoso. Nínú fíìmù Dohrn, ọ̀kan nínú irú oyin yìí wà tó dá mọ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé etí ìyẹ́ rẹ̀ ti ya, ó sì fún un ní orúkọ, Nicky. Ní ti onílé tó bá rí ihò roboto lára ewé róòsì rẹ̀, ìgbín ló máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn.

Ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í lé kòkòrò. Ẹni tó bá ń lé labalábá kiri, ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò máa rí yà. Òdòdó kan ni wọ́n máa ń yàn, irú èyí tí oyin ń wá sí lemọ́lemọ́, wọ́n á dúró tì í. Bí kòkòrò bá dé, wọ́n á sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á rọra bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí òjìji wọn ṣíji bò ó. Ojú kòkòrò tètè ń rí ohun tó bá mira lójijì. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ kò jámọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ló dára jù. Oòrùn ló ń yá ọ̀pọ̀ kòkòrò lára kí wọ́n tó lè fò. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, tí ìrì ṣì wà lára koríko, labalábá á ṣì wà níbi tó sùn sí, á pa ìyẹ́ dé. Àwọn akọ oyin kan á dì mọ́ òdòdó tí wọ́n sùn lé, ìrì á ti bò wọ́n lára. Nígbà yẹn, ayàwòrán lè lo gbogbo àsìkò tó bá fẹ́. Bí oòrùn bá ti ràn sí wọn lára, labalábá á tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti yáná, ìyẹn náà jẹ́ àǹfààní mìíràn. Ọ̀sán gangan ni kò dára: òdòdó funfun á máa kọ mànà, gbogbo àbùdá rẹ̀ á sì parẹ́ nínú àwòrán. Ọjọ́ tí kùrukùru fẹ́lẹ́ bá bo oòrùn sàn ju ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Lẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní macro ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tó jẹ́ 100 mm sì wọ́pọ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí ènìyàn jìnnà díẹ̀ sí oyin kó tó yà á. Ọ̀pọ̀ fóònù ayé òde òní náà ti lè ya ohun tó sún mọ́ lẹ́ńsì pẹ́kípẹ́kí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí lẹ́ńsì bá ti sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa mọ́ gaara lára rẹ̀ lè má ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ojú oyin ló gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ojú bá mọ́, tí ìdí ṣe bàìbàì, kò burú. Bí ìdí bá mọ́, tí ojú ṣe bàìbàì, kí ènìyàn pa àwòrán náà rẹ́. Ní ti labalábá, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọjú sí ìyẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, kí igun ìyẹ́ kan má baà sún mọ́ lẹ́ńsì ju èkejì lọ.

Ìyẹ́ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Oyin tí wọ́n ń sìn ń lu ìyẹ́ rẹ̀ ju ìgbà 200 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, ara oyin á dúró sójú kan, ìyẹ́ rẹ̀ á ṣì máa rí bí èéfín. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyẹ́ náà dúró ní láti yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Atẹ́gùn náà ń kó ìdààmú báni: igi kékeré kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n so ọ̀pá òdòdó mọ́, ti tó láti pẹ̀tù sí i.

Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á mú kòkòrò, wọ́n á kó o sínú fíríìjì kó lè tutù, kó má lè fò, wọ́n á wá gbé e lé òdòdó yà. Àwọn ojúlówó nídìí iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ ọn. Levon Biss, tí àwòrán kòkòrò rẹ̀ ga tó mítà mẹ́ta níbi àfihàn kan ní Oxford ní ọdún 2016, ya òkú kòkòrò inú mùsíọ́mù ni. Ó lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò láti to àwòrán ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyẹn kò pa ẹ̀mí kankan lára. Nínú ọgbà, wọ́n máa ń gé ọ̀nà tóóró gba àárín pápá kọjá, kí ẹsẹ̀ ayàwòrán má baà tẹ ohun tó wá yà pa.

Àwòrán máa ń tú àṣírí tí ojú lásán kò rí. Kòkòrò kan wà tó wọ aṣọ agbọ́n, ìlà dúdú, ìlà yẹ́lò, gbogbo ènìyàn ló sì ń sá fún un. Ká tó fẹ fọ́tò rẹ̀ tán, ìyẹ́ méjì péré ni a ó bá lára rẹ̀. Oyin àti agbọ́n, ìyẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ní. Eṣinṣin ni ẹni yìí, hoverfly ni òyìnbó ń pè é, kò sì lè ta ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí oríṣi 280 rẹ̀ ló wà ní Bìrìtéènì, ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń jẹ iná ara ewébẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìkòkò ọbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbin tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé. Inú ọ̀pá tóóró ni òdòdó tòmátì tọ́jú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sí, oyin tí wọ́n ń sìn kò sì mọ bí a ti ń kó o jáde. Oyin ńlá onírun, bumblebee, ló mọ̀ ọ́n. Á fi ẹnu gán òdòdó náà mú, á gbọ̀n gbogbo ara rẹ̀ rìrì, á máa kùn hùn-ùn, lẹ́búlẹ́bú á sì tú lé e láyà. Ẹni tó bá gbé fóònù ka oyin yìí mọ́dìí iṣẹ́ yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Bóyá wọn kò tíì bá èyí tí òyìnbó ń pè ní painted lady pàdé. Ìyẹ́ rẹ̀ rí bí ọsàn tó pọ́n, dúdú àti funfun wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ní ọdún 2009, ó ya wọ Bìrìtéènì bí omi. Àwọn onímọ̀ fi rédà wo ojú ọ̀run, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú sì kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti rí i ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ló wọlé nígbà ìrúwé, mílíọ̀nù 26 ló sì kúrò padà sí gúúsù kí òtútù tó dé. Ìrìn àjò yìí, láti Áfíríkà dé ìtòsí òpin ayé ní àríwá àti padà, tó nǹkan bí kìlómítà 14,500; ìran tó tó mẹ́fà ló ń rìn ín, bí ọ̀kan bá kú, ọmọ á tẹ̀ síwájú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, onímọ̀ labalábá kan tó ń jẹ́ Gerard Talavera rí díẹ̀ nínú wọn ní etíkun French Guiana ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìyẹ́ wọn ti fàya. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé lẹ́búlẹ́bú igi ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣì wà lára wọn, títí kan ti igi tí àwọn Hausa ń pè ní sábárà. Wọ́n ti fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì, ó kéré tán kìlómítà 4,200.

Àkọsílẹ̀ tí ará ìlú fi ránṣẹ́ nípa painted lady fi hàn pé fọ́tò tó ní ọjọ́ àti orúkọ ibi tí wọ́n ti yà á ju ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Agbọ́n Éṣíà, adúláwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ yẹ́lò, dé ilẹ̀ Faransé láti Ṣáínà ní nǹkan bí ọdún 2004, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó dúró lẹ́nu ilé oyin, kó máa gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2016, wọ́n rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì, ní ìlú Tetbury. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n ya ohun tó bá jọ ọ́, kí wọ́n sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè tètè wá ìtẹ́ rẹ̀ kàn. Láìsí fọ́tò, wọn kò lè mọ̀ bóyá òun ni tàbí ìbátan rẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ látilẹ̀ wá.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, ẹgbẹ́ Butterfly Conservation máa ń ka labalábá lọ́dọọdún láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n ń béèrè: kí ènìyàn dúró síbì kan ní ọjọ́ tí oòrùn ràn, kó ka labalábá tó bá rí, kó fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọdé lè ṣe é. Ẹ gbé fóònù yín jáde lọ́dún yìí, ẹ kó àwọn ọmọ yín dání. Bí ẹ̀rọ agékoríko bá sì dé igun tí oyin ti ń jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á sílẹ̀ títí di oṣù kẹjọ.